ÌDẸ TÍ Ó JỌ OÚNJẸ

Bíbélì Kíkà: Jakọbu 1:12-15
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Jakọbu 1:14
Ète Ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ìdẹ tirẹ̀, kí ó sì rántí àwọn tí Ọlọ́run fi sí ìtọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú
Ará, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jakọbu lò fún títan ènìyàn jẹ, láti inú ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ ìdẹ ni ó ti wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára apẹja. Ní Georgia ní Amẹ́ríkà, níbi tí a bí Thomas Bowen tí ó mú iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi wá sí ilẹ̀ wa ní 1850, ẹja kékeré kan wà tí a ń pè ní bluegill. Kò sábà tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

1. Ìdẹ a máa jọ ohun tí a fẹ́
Ìrẹ̀, tata àti kòkòrò mìíràn tí ó já sómi wà lára oúnjẹ ẹja yìí. Nítorí náà apẹja a fi igi fúfúyẹ́, ìyẹ́ adìẹ àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe kòkòrò, ìwọ̀ a sì wà lábẹ́ rẹ̀. A jù ú sójú omi, a dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà a fa okùn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rọ́bà náà lè gbọ̀n bí ohun alààyè. Ẹja a gòkè wá, a wò ó, a sì fà á sẹ́nu. Bí ó bá mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ, a fẹ́ tu ú. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu, ẹ̀pa kò bóró mọ́.
Ẹ kíyèsí i: apẹja kò ju òkúta sí i. Ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́ ni ọ̀tá yóò fi dẹ ọ́.

2. Ẹni tí a mú kò dá wà
Ní àkókò ìyé, akọ a fi ìrù gbẹ́ ìtẹ́ síbi tí omi kò jìn. Òun ni ń ṣọ́ ẹyin, tí ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí wọn. Ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ibẹ̀, a gbéjà kò ó, bí ebi kò tilẹ̀ pa á. Ìgbà yìí gan-an ni kòkòrò ayédèrú máa ń tètè mú un. Bí a bá ti fà á sókè, àwọn ẹja mìíràn a ya bo ìtẹ́ náà, wọn a sì jẹ ẹyin rẹ̀.
Baálé ilé, ìwọ wí pé, “Nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ni mo ṣe gba rìbá náà.” Òtítọ́ ni pé o fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò ṣọ́ ìtẹ́? Ìyá, ìwọ náà ńkọ́, tí o ń dín òṣùwọ̀n kù lọ́jà nítorí ilé?

Ìparí
Ẹja kò ní ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un; àwa ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọlọ́run ti ṣe ọ̀nà àbáyọ (1 Kọrinti 10:13). Ẹni tí ìwọ̀ sì ti kọ́, kí ó jẹ́wọ́ lónìí. Ìdáríjì wà (1 Johanu 1:9).

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Irú ìdẹ wo ni ó wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ?
2. Àwọn ta ni yóò jìyà bí ìwọ bá ṣubú?
3. Báwo ni kíláàsì yìí ṣe lè ran ẹni tí ìwọ̀ ti kọ́ lọ́wọ́?

Àdúrà: Olúwa, là wá lójú kí a rí ìwọ̀ kí a tó ya ẹnu. Àmín.