Èwo Nínú Wọn Ni Inú Ń Run?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Adìyẹ náà ńkọ́? Lóṣù kejì ọdún 2006, ní Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà. Bí àyẹ̀wò bá mú ẹyọ kan, gbogbo agbo ni wọ́n ń pa. Ìjọba kéde náírà 250 lórí adìyẹ kan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí adìyẹ màámi ní Ìlàrè bá ń tòògbé, ṣé kí n sọ? Bí mo bá sọ, ọwọ́ màámi á ṣófo. Bí mo bá dákẹ́, a ó ta àìsàn fáládùúgbò. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, kó bá olóòótọ́ gbé ẹrù rẹ̀.