Ibi tí Ìgbọ́ràn Pin Sí

Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá pé kí ó máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Bí bàbá bá pè é, a dáhùn; bí ọ̀gá bá rán an níṣẹ́, a lọ kánkán. Ẹ̀kọ́ rere ni èyí, n kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan ti inú àròkọ yìí kọ́ oríkunkun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ǹjẹ́ ìgbọ́ràn ní ààlà? Bí ó bá ní, níbo ni ààlà náà wà?

Ẹrú kan ti dáhùn ìbéèrè yìí ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Joshua Hart ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Bonny ni ó ń gbé, ní agbègbè tí odò Ọya gbé ń ṣàn wọ inú òkun. Ìjọ Kristi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, lábẹ́ àbójútó Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí. Ní ọdún 1875, inúnibíni dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà. Wọ́n ní kí Joshua jẹ nínú ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ó dáhùn pé kò sí iṣẹ́ tí olúwa òun lè fún òun tí òun kò ní gbìyànjú, ìbáà ṣe kí òun ru gbogbo ayé lórí. Ṣùgbọ́n ohun ìrúbọ, òun kò ní jẹ ẹ́ láé. Wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú odò; ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí.

Ẹ wo ìdáhùn yìí dáradára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ̀tẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ a ní òun kò sìn mọ́. Joshua ní òun yóò sìn títí agbára òun yóò fi pin. Òfin búburú ìgbà náà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà.

Ẹnì kan lè wí pé: “Ẹ̀mí kò láàrọ̀. Kí ló dé tí kò fi jẹ ẹ́, kí ó sì di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú nínú ọkàn?” Ọ̀rọ̀ náà wúwo, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn ẹni tí ẹ̀rù bá bà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé oúnjẹ náà fún un nítorí ebi. Wọ́n fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ẹni tí ó ni ara òun ni ó ni ọkàn òun pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ajẹ́rìíkú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Felicity, ẹrúbìnrin, àti Perpetua, ọmọ ọlọ́lá, ṣe jẹ́rìí ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, ní ọdún 203: ẹrú àti ọmọ, ikú kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ onígbàgbọ́ nìkan. Àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú ti fi ipá mú ọkàn ẹlòmíràn rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, ẹni yòówù kí ó dá a.

Níhìn-ín ní Agége, ẹnikẹ́ni kò ní jù yín sódò nítorí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n lọ́la, púpọ̀ nínú yín yóò di òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà. Ọ̀gá kan lè ní kí o pa ọjọ́ tí ó wà lára páálí oògùn rẹ́, kí o kọ òmíràn sí i, nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọwọ́ rẹ ni yóò kọ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò lò ó. Ibẹ̀ ni ìgbọ́ràn pin sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ̀ láti gbá kíláàsì kì í ṣe Joshua. Nígbà tí o bá fẹ́ wí pé “N kò ní ṣe é,” bi ara rẹ léèrè pé ta ni ìyà ìkọ̀ náà yóò jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn ni ò ń wá, tí ẹlòmíràn yóò wá ru ẹrù rẹ, ọ̀lẹ ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a ní kí o ṣe bá jẹ́ irọ́ tàbí ìpalára, tí o sì ṣe tán láti fara gba ìyà rẹ̀, kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó ti ń ru ẹrù ọ̀gá rẹ̀ láìkùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wúwo lọ́jọ́ tí ó bá kọ̀.