Inú Ẹlòmíràn: Ìmọ̀ Ni Tàbí Ìgbàgbọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ń fi lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin pe ara wọn. Wọ́n ti dáhùn àwọn ìbéèrè kan lórí fóònù, fóònù náà sì ti sọ irú ènìyàn tí oníkálukú wọn jẹ́ fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kì í ṣe irú ẹni tí ń ronú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣirò yọ òun lẹ́nu. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi náà ti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọmọ ọlọ́mọ rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi agbára kan tí a rò pé ó wà nínú ènìyàn, tàbí tí a rò pé kò sí níbẹ̀, sọ ọ́ lórúkọ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ orísun ọ̀rọ̀ náà. Carl Gustav Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ni ó gbé e kalẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1921. Ó ní ọ̀nà mẹ́rin ni ọkàn ènìyàn ń gbà ṣiṣẹ́. Èkíní ni ìrònú, èyí tí ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Èkejì ni ìmọ̀lára, èyí tí ń díwọ̀n iyì nǹkan, bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ẹkún tàbí ìbínú ni Jung ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àkíyèsí ara, èyí tí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ń mú wá. Ẹ̀kẹrin ni ojú-inú, èyí tí ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè kọjú sí òde, ó sì lè kọjú sí inú. Èyí ni ó sọ mẹ́rin di mẹ́jọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó wà nínú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan a máa ṣíwájú, èyí tí ó dojú kọ ọ́ a sì máa gbẹ́yìn. Bí ìrònú bá jẹ́ ọ̀gá, ìmọ̀lára ni yóò gbẹ́yìn. Bí ojú-inú bá jẹ́ ọ̀gá, àkíyèsí ara ni yóò gbẹ́yìn.

Ní Amẹ́ríkà, Katharine Cook Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Briggs Myers, gbé ìwé ìbéèrè ka orí èrò yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n pín ènìyàn sí ìsọ̀rí mẹ́rìndínlógún, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà mẹ́rin náà ti wá. Àléébù ibẹ̀ ni pé àárín gan-an ni wọ́n fa ààlà sí. Ẹni tí ó fi díẹ̀ kọjá ààlà àti ẹni tí ó fi púpọ̀ kọjá rẹ̀ ń gba lẹ́tà kan náà. Ẹni tí ó wà létí ààlà, bí ó bá tún ìbéèrè náà dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lè bọ́ sí ìhà kejì. Irú èyí kì í sì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Jung fúnra rẹ̀ kìlọ̀ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe kí a lè máa lẹ orúkọ mọ́ ènìyàn lára ni òun ṣe kọ ìwé òun.

Èdè tiwa náà kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. A ní ọpọlọ, a ní ọkàn, a ní làákàyè, a ní ojú-inú. Nínú àpilẹ̀kọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé síwájú àpérò kan ní Paris ní 1971, lórí èrò Yorùbá nípa ohun tí ènìyàn jẹ́, ó dárúkọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ara, ẹ̀mí àti orí. Orí ni a yàn lọ́run. Ẹsẹ̀ ni akitiyan tí a óò fi mú orí náà débi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ka orí láìka ẹsẹ̀ kò tíì ka ènìyàn tán.

Ìlú Ifẹ̀ yìí gan-an ni ìrànlọ́wọ́ tí ó tóbi jù ti wá. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, àwọn olùkọ́ fìlọ́sọ́fì méjì, J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, tọ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì lọ. Wọ́n bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “mọ̀” àti “gbàgbọ́”. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé, ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ lẹ́nu olùkọ́ tàbí nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni títí a óò fi dán an wò. Hallen tún tẹ̀síwájú sórí ìwà nínú ìwé mìíràn ní 2000: ọ̀rọ̀ ẹnu àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń mọ ìwà rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tí ó ti fojú rí inú ọmọ ẹlòmíràn?

Èmi rò pé mo ti rí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní SS 2. Bí mo bá ní kí ó tú ewì palẹ̀, a dákẹ́ bí ẹni tí ó bu omi sẹ́nu. Ní òpin sáà, mo kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé kò ní àròjinlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, mo sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti wọ SS 3, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní ọjà Odò-Ògbè, níbi tí wọ́n ti ń ta ata. Obìnrin kan fẹ́ gba ata láwìn. Ọmọ náà fi ẹ̀rín àti àpọ́nlé kọ̀ fún un, obìnrin náà sì lọ láìbínú. Mo bi í pé kí ni ó rí. Ó ní, “Wọn ò ná an rárá, sà. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó a máa kọ́kọ́ ná ọjà.” Àkíyèsí, ìrònú, ìdíwọ̀n ohun tí ó yẹ, ojú-inú: kò sí èyí tí kò lò láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wá bi í pé kí ni ó dé tí n kò rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí yóò ṣe Yorùbá nínú ìdánwò WAEC. Ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé n kò ní àròjinlẹ̀, sà.”

Ohun tí èmi kò mọ̀ ni ọmọ náà gbà gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Nígbà náà ni òwe tí mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì yé mi, pé orúkọ a máa ro ọmọ.

Ẹnìkan lè wí pé, bí olùkọ́ kò bá gbọdọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ kan àti èkejì, báwo ni yóò ṣe kọ́ wọn? Òótọ́ ni pé ìka kò dọ́gba. Èrò Jung sì wúlò fún wa níbẹ̀, nítorí pé ó ń rán wa létí pé ọmọ tí ó dákẹ́ níwájú ewì lè máa wá ilẹ̀kùn mìíràn wọlé. A lè jẹ́ kí ó ké ewì náà sókè kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ, kí a tó bèèrè ìdí. Bí a bá fi èrò náà ṣe ìbéèrè, ó lè ran olùkọ́ lọ́wọ́. Bí a bá fi ṣe ìdájọ́, ọmọ ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá rí nìkan ni mò ń kọ: “Ó ka ewì náà ketekete, kò tíì lè sọ ìdí tí akéwì fi lo àfiwé.” “Kò tíì” ni mò ń kọ, n kì í kọ “kò ní” mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní òpin sáà yìí, kí a tó fọwọ́ sí ìwé àbájáde àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: èwo nínú ohun tí a kọ síbẹ̀ ni a fojú wa rí?