Òdòdó tí ó Tètè Yọ, àti Òtútù tí ó Padà Dé

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀wò: bí ènìyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀ ohun rere, tí ìpọ́njú sì dé bá a kí ohun náà tó gbó, àwa ha lè pè é ní aṣiwèrè bí? Púpọ̀ nínú wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dáhùn pé, "Ìkánjú ni ó pa á." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òdòdó inú ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọ̀ràn yìí ni ó ń bá wọn fínra lọ́dọọdún.

Ìgbà òtútù gùn púpọ̀ ní ilẹ̀ náà. Igi a wọ́wé, ilẹ̀ a sì le bí òkúta. Òdòdó tí ó ń kọ́kọ́ jáde ni èyí tí wọ́n ń pè ní snowdrop, funfun báláú, tí ó ń tẹrí ba bí ẹni tí ń gbàdúrà. Oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ni àkókò rẹ̀, ó sì pọ̀ ní àgbàlá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Nítorí pé a máa tanná nígbà àjọ̀dún Ìgbékalẹ̀ Kristi nínú Tẹ́mpìlì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, àwọn ará ibẹ̀ a tún máa fi orúkọ àjọ̀dún náà pè é. Crocus tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni daffodil, tí àwọn ará Wales ń fi sí àyà aṣọ wọn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọjọ́ Dáfídì Mímọ́.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti móoru díẹ̀ báyìí, olúkúlùkù a rò pé òtútù ti lọ. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, tí í ṣe ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ooru dé ìwọ̀n 24.5 Celsius ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1968 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ mọ́ nínú oṣù náà. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì Àjíǹde, yìnyín ti ń bọ́ ní apá ibìkan ilẹ̀ náà, ìrì dídì oṣù Kẹrin ọdún yẹn sì pọ̀ ju ti oṣù Kẹrin èyíkéyìí lọ láti ọgọ́ta ọdún. Ní ilẹ̀ Faransé, nínú oṣù kan náà, ìrì dídì jó ọ̀mùnú àjàrà àti ìtànná igi eléso lọ bẹẹrẹbẹ. Àwa pẹ̀lú mọ irú rẹ̀ níhìn-ín: àgbẹ̀ tí ó fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo, tí ọ̀dá sì tún dé.

Ta ni ó jẹ̀bi nígbà náà? Ẹnìkan lè wí pé àwọn òdòdó ni. Wọn ìbá dúró de oṣù Karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ wọn. Èkíní, snowdrop kò yọ láìmúra. Iṣu kékeré kan bí àlùbọ́sà wà fún un lábẹ́ ilẹ̀, nínú èyí tí ó ti kó oúnjẹ pamọ́ láti ọdún tí ó kọjá. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ le, kí ó bà lè gún ilẹ̀ dídì já; ohun kan sì wà nínú oje rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí yìnyín ba ara rẹ̀ jẹ́. Bí òtútù bá pọ̀ jù, a dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ó kú. Bí ó bá sì móoru, a tún nàró. Èkejì, kì í ṣe nítorí ara wọn nìkan ni wọ́n ṣe tètè yọ. Àwọn ìyá oyin ńlá onírun, tí wọ́n ti fi ìgbà òtútù sùn sínú ilẹ̀, a máa jí pẹ̀lú ebi ní àkókò yìí. Níbo ni wọn ìbá ti rí oúnjẹ, bí gbogbo òdòdó bá fi ọgbọ́n dúró de ojú ọjọ́ tí ó dánilójú?

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: gbogbo ohun tí ó tètè yọ kọ́ ni ó ń bọ́. Ìtànná igi ápù tí ó ti là, bí òtútù bá fi lè dé ìwọ̀n 4 lábẹ́ òdo, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò kú, ọdún náà yóò sì kọjá láìní èso. Bẹ́ẹ̀ ni igi náà kò kánjú. Kì í gbà láti jí àfi bí ó bá ti la ìwọ̀n òtútù kan kọjá. Ó ṣe gbogbo ohun tí a dá a láti ṣe, síbẹ̀ ó pàdánù. Níhìn-ín ni ìdájọ́ wa ti sábà máa ń ṣìnà. Àwa a máa rò pé ẹni tí àdánù bá bá gbọ́dọ̀ ti ṣẹ̀ níbì kan. Olúwa wa kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún un nípa àwọn tí ilé-ìṣọ́ Síloámù wó lù. Wòlíì Jeremáyà pẹ̀lú, ọmọdé ni ó ka ara rẹ̀ sí nígbà tí a pè é, igi almọ́ńdì ni Ọlọ́run sì fi hàn án, igi tí ń tanná ṣáájú àwọn yòókù ní ilẹ̀ Júdà, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Hébérù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ "ṣọ́nà" mu. Ọlọ́run ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ Jeremáyà wọ inú kòtò ẹrẹ̀.

Ìtàn ìjọ wa kò ṣàìjẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1846 ni iṣẹ́ Ìyìn Rere fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, a sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1867 ni Ìfọ́lé dé: a ba ilé ìsìn jẹ́, àwọn òyìnbó oníwàásù jáde kúrò nílùú, púpọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wo ọdún náà nìkan yóò wí pé àwọn àkọ́gbàgbọ́ ti kánjú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò wà lábẹ́ ilẹ̀, ìjọ náà kò sì kú.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, kì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń dá a lẹ́jọ́ bí kò ṣe ohun tí ó ní lábẹ́ ilẹ̀; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́ rárá. Ní oko àjàrà ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ kò dúró bá àjàrà wọn wíjọ́. Wọ́n dìde lóru, wọ́n tan àbẹ́là láàrin poro, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bà lè móoru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọn kò gba gbogbo rẹ̀ là, ṣùgbọ́n wọ́n gba díẹ̀ là.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ wo àárín wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí ó wọṣẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ titun kan wà tí ìtara rẹ̀ ń tutù nítorí pé kò sẹ́ni tí ó kí i kú iṣẹ́. Nígbà púpọ̀, àwa gan-an ni òtútù tí ó padà dé bá wọn. Kí a tó wí pé a ti sọ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá a gbé àbẹ́là kankan jáde lóru náà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ń jí láti ṣọ́ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àmín.