Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Èsúsú

Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún. Oníṣòwò aṣọ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa wá láràárọ̀, a jókòó tì í, a sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ ní ògì. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bẹ ọmọ náà pé kí ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo wé e mọ́ èèkù ṣíbí náà títí ó fi nípọn tó ohun tí ọwọ́ ìyá náà lè dì mú, mo sì fi í lé e lọ́wọ́. Ògì dà sí i láyà, ó dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ̀ wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fìyà jẹ ìyá òun. Ṣùgbọ́n ṣíbí kẹta dé ẹnu, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ wa nìyẹn. Occupational therapy ni orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. OT ni a sábà máa ń gé e kúrú sí. Dókítà lè gba ẹ̀mí là, oníṣẹ́ physiotherapy lè mú kí ẹsẹ̀ tún rìn. Tiwa ni pé kí ènìyàn tún lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè de bọ́tìnì, kí ó lè rokà, kí ó lè ka owó ọjà rẹ̀. A gbà pé ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń dá a padà sípò ènìyàn, àti pé bí a bá ń bá a ṣe é ju bó ti yẹ lọ, a ti gba ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Èrò yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú abúlé ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. A kò tì wọ́n mọ́lé títí ara wọn yóò fi yá kí a tó dá wọn padà sáàárín ènìyàn. Àárín ènìyàn gan-an ni apá kan oògùn náà wà.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwa tí a ń wàásù èyí fún aláìsàn, bí a bá dé inú ẹgbẹ́ tiwa, ńṣe ni a máa ń yanu kí àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ fi ṣíbí bọ́ wa.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni n kò fi yọjú sí ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ mi kì í pẹ́, mo sì ka ìyẹn sí pé mo ti ṣe tèmi. Ní ọdún kẹta, ìpàdé fi owó kún owó ẹgbẹ́, iye kan náà ni wọ́n sì bù fún ọ̀gá tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún àti fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí kò tíì rí iṣẹ́. Inú bí mi. Mo ń sọ̀rọ̀ kíkan kíkan lójú gbogbo èèyàn pé, “Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ yìí!” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń jà fún dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

N kò rí ìdáhùn. Ìbéèrè rẹ̀ ló bí àròkọ yìí: ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó, tí kò sì bá wọn pé, kí ni ó jẹ ẹgbẹ́, ẹ̀tọ́ wo ni ó sì ní láti ṣàròyé?

Ìdáhùn kan rọrùn: owó tó san ti tó. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín èsúsú àti àáró. Nínú èsúsú, owó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí owó rẹ bá ti dé lọ́jọ́ tó yẹ, o lè rán ọmọ. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ibi tí o wà. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, gbogbo wa lọ sí oko tìrẹ. Lọ́la, gbogbo wa ń bọ̀ ní oko tèmi. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ dípò ọkọ́ kò tíì san àáró, nítorí pé owó kò lè kọ ebè.

Èwo ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà nínú méjèèjì? Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń sọ ìwà tó yẹ oníṣẹ́ àti èyí tí kò yẹ ẹ́. Ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí iye OT tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn. Ó ń sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ ṣì máa kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí owó nìkan lè ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ìmọ̀ràn, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ni ìmọ̀ràn náà. Bí kò bá mú un wá, kò sí ọjà tí a ti lè rà á. Àáró ni ẹgbẹ́. Owó tí a ń san, owó oúnjẹ àwọn tó ń roko ni.

Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1917, àwọn ènìyàn mẹ́fà pàdé ní ìlú Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tó wá di American Occupational Therapy Association sílẹ̀. George Barton tí wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ kì í ṣe dókítà. Ayàwòrán ilé ni, ó sì ti ṣàìsàn gan-an: ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá a jà, apá òsì ara rẹ̀ sì ti rọ rí. Oníṣègùn àrùn ọpọlọ ni William Dunton. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú ni Eleanor Clarke Slagle. Ayàwòrán ilé ni Thomas Kidner náà, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni Susan Johnson, akọ̀wé Barton sì ni Isabel Newton. Dókítà àti akọ̀wé, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ rí, gbogbo wọn jọ jókòó. Kò sí ẹni tó wá wòran láàárín wọn.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìjọba kúkú wà tí yóò bójú tó iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé ní Nàìjíríà, òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1988 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ àwa àti àwọn oníṣẹ́ physiotherapy sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ìlú ni ìgbìmọ̀ náà ń dáàbò bò, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti máa gba ẹnu wa sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ni tiwa. Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ló fún wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ, kí a sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí a bá dákẹ́ nínú èyí tó jẹ́ tiwa, ibòmíràn wo ni a ó ti fọhùn? Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sílé. Láti ọdún 1952 ni World Federation of Occupational Therapists ti wà, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè 10 ló dá a sílẹ̀, aṣojú àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ló sì ń jókòó ní ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ohun tí a kò bá sọ nílé, aṣojú wa kò lè bá wa sọ ọ́ níta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ti àwọn tí kì í wá rò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. OT kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwòsàn mìíràn. Bí ó bá lọ sí ìpàdé ọjọ́ méjì ní Èkó, ta ni yóò tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀? Ẹlòmíràn kò ní owó ọkọ̀. Ẹlòmíràn lọ lẹ́ẹ̀kan, ó nawọ́ títí kò sẹ́ni tó pè é, ó sì rí i pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ìpàdé. Ṣé a lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi?

Iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Bí ọwọ́ aláìsàn kò bá lè di ṣíbí mú, a kì í bú ọwọ́ náà. A kì í sì sọ pé kí ó yanu. A máa ń fi aṣọ wé èèkù ṣíbí. Ojúṣe àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ nìyẹn: kí wọ́n kéde ìpàdé nígbà tí ènìyàn ṣì lè tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé owó dé ọwọ́ wa kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́ ìjíròrò lórí fóònù, kí ó sì lè dìbò, kí ọmọ tuntun ní àyè ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kankan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ló mọ bí a ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló mọ bó ṣe rí láti wá iṣẹ́ lónìí.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò wá. N kò rò pé ó gbọ́n. Ní kété tí àìwá bá ti ní iye, ẹni tó lówó yóò san án, yóò sì jókòó sílé pẹ̀lú ọkàn ìfọ̀kànbalẹ̀. A fẹ́ mú un wá sí àáró, a tún sọ àáró di èsúsú fún un.

Ẹ̀tọ́ láti ṣàròyé wá ńkọ́? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí owó náà bá ni àwọn ọmọ tuntun lára, ó ni wọ́n lára, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Òtítọ́ kì í béèrè ẹni tó wà ní ìpàdé. Nítorí náà, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣàròyé. Ohun tí n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà nínú àròyé mi. Mo ní, “Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe.” Àwọn wo? Ìjókòó tí mo fi sílẹ̀ lófìfo wà nínú ìbò náà. “A” ló yẹ kí n wí.

Ẹni tí èyí dùn jù kì í sì í ṣe èmi tàbí ọmọ tó bi mí léèrè. Ìyá oníṣòwò aṣọ yẹn kò lè wá sí ìpàdé wa láé. Bí àwọn tó ń ṣètò ilé ìwòsàn bá jókòó láti pinnu irú òṣìṣẹ́ tí wọn yóò gbà, tí kò sì sí ohùn tó sọ fún wọn pé kò tó kí aláìsàn máa rìn padà sílé, pé ó yẹ kí ó lè bọ́ ara rẹ̀, ìyá mìíràn yóò lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò ní mọ̀ pé ìpàdé kan wà tí a kò lọ.

Mo lọ sí ìpàdé ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ lórí owó àwọn ọmọ tuntun, ohùn mi sì ń gbọ̀n. A jiyàn, a dìbò, a kò borí. Ṣùgbọ́n a fẹnu kò pé ìwé owó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé. Nígbà tí a ń jáde, ọmọ tó bi mí léèrè béèrè bóyá a ó tún gbé ọ̀rọ̀ owó náà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni yóò sì sọ ọ́, èmi yóò kín in lẹ́yìn.