Ìtàn Mímọ́ Lọ́wọ́ Akéwì

Ẹni tí ó bá dúró ní Odòde ní ìlú Ìdànrè, tí ó sì gbé ojú sókè, yóò rí àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n yọrí lókè ilé. Orúkọ ìlú yìí ni Wole Soyinka fi pe ewì gígùn kan nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1967. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ ní Aké, Abẹ́òkúta, ni òǹkọ̀wé náà, ilé onígbàgbọ́ ni a sì ti tọ́ ọ. Ìtàn Ògún ni ó sọ níbẹ̀. Kì í ṣe bí abọrẹ̀ ni ó ṣe sọ ọ́, bí kò ṣe bí akéwì.

Nínú ewì yìí ni ọ̀rọ̀ Àtúndá wà. Àwọn àgbà ní ẹrú òrìṣà àkọ́kọ́ ni. Ó yí òkúta lu ọ̀gá rẹ̀ láti orí òkè, ọ̀gá náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, òrìṣà sì di púpọ̀. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni a ń pe irú èyí. Ṣùgbọ́n Soyinka yin ẹrú náà, ó sì fi orúkọ ẹni mímọ́ dá a lọ́lá.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn mú ìtàn tí àwọn ẹlòmíràn fi ń sìn, kí ó sì yí ojú rẹ̀ padà?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ìtàn Ṣàngó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọba Ọ̀yọ́ kan tí ó pokùn so. A kò bèèrè bí ó ti rí létí àwọn tí ń ké pé ọba kò so. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá kọ̀wé pé àgbẹ̀ tí ó mọ ojú ọjọ́ lásán ni Nóà, inú yóò bí wa. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Òṣùwọ̀n méjì kò yẹ olùkọ́.

A kò sọ pé kí a dí òǹkọ̀wé lẹ́nu. Ìgbàgbọ́ tí ìtàn àròsọ kan lè wó kò tíì ta gbòǹgbò. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ẹni tí ó dúró lóde a máa rí ohun tí ó ti mọ́ onílé lójú jù: ta ni nínú wa tí ó ti bèèrè rí ohun tí ojú ẹrú náà rí?

Síbẹ̀, ewu kan ń bẹ. Láyé àtijọ́, ilé ìtẹ̀wé ìjọ a máa yẹ ìwé wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Lónìí, ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà àti owó díẹ̀ lè tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kò sí àgbà tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ àgbà náà.

Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Kí ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí ó bá àti ohun tí ó fi kún un. Soyinka ṣe àlàyé ta ni Àtúndá sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bi ara rẹ̀ bí òun lè ka ìwé náà sókè lójú àwọn olùsìn láìfi ojú pamọ́. Inú wọn lè má dùn sí i, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ̀ pé ó gbọ́ tiwọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí yóò ti òkúta láti orí òkè, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀.