Ta Ló Ń Sanwó Ọ̀fẹ́?

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ìwé àtìgbàdégbà náà nílò kẹ̀kẹ́. Àwa tí à ń bá irú ẹ̀ kọ kóòdù láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó server. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Òǹkàwé ò sì san kọ́bọ̀.

Tí olówó kan bá wá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé ká gbà á láìbéèrè orísun owó náà?

Ẹ wo Black Orpheus, tí Ulli Beier dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1957. Iṣẹ́ Soyinka, Okigbo àti J.P. Clark jáde nínú rẹ̀. Congress for Cultural Freedom wà lára àwọn tó fowó ràn án lọ́wọ́. Láàárín 1966 sí 1967, àṣírí tú: CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ló wà nídìí owó ẹgbẹ́ náà. Ewì inú ìwé náà ò torí ìyẹn burú. Àmọ́ ta ló bi àwọn akéwì bóyá wọ́n fẹ́?

Lójú tiwa, owó ńlá kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Owó tó ń fojú pamọ́ ni. Nínú èésú táwọn ọlọ́jà ń dá, kálukú mọ ẹni tó dá, iye tó dá àti ìgbà tó máa kó o. Ẹ jẹ́ káwa náà kọ orúkọ ẹni tó bá fún wa lówó sójú táyé, kí òǹkàwé sì fi náírà díẹ̀ tì í. Ẹnì kan ń sanwó ohun tí à ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kì í bá ṣe àwa, ó yẹ ká mọ onítọ̀hún.